Èsì Ìbò Kì Í Ṣe Ìparí Ọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ará orílẹ̀-èdè Tógò jáde láti dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 117 tí à ń pè ní commune. Ìjókòó 1,527 ni àwọn olùdíje ń dù. Nígbà tí CENI, àjọ tí ó ń ṣètò ìdìbò, ka èsì sí etí ìgbọ́ aráyé, ẹgbẹ́ UNIR tí ó ń ṣe ìjọba ni ó kó 1,150 nínú ìjókòó wọ̀nyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù àti àwọn olùdíje aládàádúró ni wọ́n pín 377 tí ó ṣẹ́kù láàrin ara wọn.

Ohùn méjì ni a máa ń gbọ́ ní Elavagnon àti ní agbègbè Atakpamé nígbàkígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé. Ohùn kìíní á ní, "Àwa ni a borí." Ohùn kejì á ní, "Ṣebí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ẹni tí ó ń yọ̀ àti ẹni tí ó ń mí kanlẹ̀, àwọn méjèèjì á gbé ọkọ́ wọn, wọ́n á sì forí lé oko. Ó dà bí ẹni pé ìwé náà ti parí, tí a sì ti pa á dé.

Èrò tiwa ni pé ìwé náà kò tíì parí. Èsì ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú dà bí ìṣirò owó tí akápò ẹgbẹ́ èésú kà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe rí àròpọ̀ náà kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, yálà owó rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré, yóò lè béèrè ọ̀rọ̀ lónìí, yóò sì tún lè béèrè ní ọ̀la. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ka èsì yìí pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́: bí ìbò ṣe ń di ìjókòó, bí ó ṣe rí ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, àti ohun tí ó kù fún aráàlú láti ṣe nígbà tí wọ́n bá ti kà á tán.

Ọdún 32 láìdìbò

Kí a tó wo iye ìjókòó, ẹ jẹ́ kí a wo iye ọdún. Ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú wáyé ní Tógò ní ọdún 1987. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2019 kí irú rẹ̀ tó tún wáyé. Ọdún 32 gbáko ni ó wà láàrin méjèèjì. Ọmọ tí a bí ní ọdún 1987 lè ti di òbí ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé gíga kí òun fúnra rẹ̀ tó fi ọwọ́ kan ìwé ìbò tí ó kan ìlú tirẹ̀. Láàrin ìgbà náà, àwọn tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn ni wọ́n wá ń bójú tó àwọn ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ abúlé kò sì sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú kankan. Òfin ọdún 2017 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín gbogbo ilẹ̀ Tógò sí commune. Nígbà tí wọ́n tún ètò náà ṣe, iye wọn di 117. Ní tiwa níhìn-ín, Atakpamé di olú ìlú Ogou 1, Elavagnon sì di olú ìlú Est-Mono 1.

Ohun tí ọdún 32 ṣe kò hàn lójú bí afárá tí ó wó, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kọ́ bí a ti ń kọ ebè iṣu lẹ́yìn baba rẹ̀. Ọmọ oníṣòwò kọ́ bí a ti ń ná ọjà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ta ni ọmọ fẹ́ kọ́ bí a ti ń bi ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí baba àti ìyá kò ní ọmọ ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi ìbò yàn? Àwa ọmọ Ifẹ̀ tí a wà ní ilẹ̀ Tógò yìí máa ń sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá. Àwọn àgbà sì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú, ọjọ́ kan náà ni ọmọdé àti àgbà wọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Bí ìbò ṣe ń di ìjókòó

Ní ọdún 2019, UNIR ni ó ní ìjókòó tí ó pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ ANC àti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n parapọ̀ lábẹ́ orúkọ C14 ni wọ́n tẹ̀ lé e. Bí a bá fi 2025 wé e, a ó rí i pé nínú ìjókòó mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba kúrò ní nǹkan bí 6, ó lé ní 7. Ìdìbò ti 2025 yìí sì wáyé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn ní ìgboro Lomé ní oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 10 oṣù Keje ni a kọ́kọ́ dá fún un kí a tó sún un sí ọjọ́ 17.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìjókòó ni a ń kà yìí, a kì í ka ènìyàn. Láàrin ènìyàn àti ìjókòó, ìṣirò kan wà. Bí a kò bá mọ ìṣirò náà, a ó máa rò pé bí èsì ti rí gan-an ni ọkàn ìlú ti rí.

Ní Tógò, ẹnikẹ́ni kì í díje fún ìgbìmọ̀ ìlú ní òun nìkan. Àkójọ orúkọ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí àwọn aládàádúró tí wọ́n kó ara wọn jọ, máa ń gbé kalẹ̀. Àkójọ náà ni olùdìbò ń yàn. Kò lè mú orúkọ kan kí ó fi òmíràn sílẹ̀, kò sì lè yí ètò orúkọ inú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni a ó pín ìjókòó fún àkójọ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìbò rẹ̀ bá ti pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí a ṣe ń ṣe é lójú pátákó. Ká ní ìgbìmọ̀ kan ní ìjókòó 11, tí àwọn ìbò tí ó bófin mu sì jẹ́ 11,000. A ó pín 11,000 sí ọ̀nà 11. Ó di 1,000. Iye ìbò tí a fi ń ra ìjókòó kan nìyẹn. Àkójọ kìíní ní ìbò 6,000: ó ra ìjókòó 6. Àkójọ kejì ní 3,100: ó ra 3, ìbò 100 sì kù sí i lọ́wọ́. Àkójọ kẹta ní 1,900: ó ra 1, ìbò 900 sì kù sí i lọ́wọ́. Ìjókòó 10 ti lọ, ó ku ẹyọ kan.

Ta ni yóò gba ẹyọ kan náà? Òfin ní kí a wo ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ga jù. A ó ṣe bí ẹni pé a fi ìjókòó kan kún ti àkójọ kọ̀ọ̀kan, a ó sì pín ìbò rẹ̀ sí i. Àkójọ kìíní: 6,000 ní ọ̀nà 7 jẹ́ 857. Àkójọ kejì: 3,100 ní ọ̀nà 4 jẹ́ 775. Àkójọ kẹta: 1,900 ní ọ̀nà 2 jẹ́ 950. Àkójọ kẹta ni ó gbà á. Èsì wá di 6, 3 àti 2.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí olùdìbò 200 péré kúrò lẹ́yìn àkójọ kẹta kí wọ́n lọ sẹ́yìn àkójọ kejì. Àkójọ kejì di 3,300, àkójọ kẹta di 1,700. Àkójọ kìíní kò kúrò ní 6,000 rẹ̀. Ẹ tún ìpíndọ́gba náà ṣe: àkójọ kìíní jẹ́ 857 síbẹ̀, àkójọ kejì di 825, àkójọ kẹta di 850. Àkójọ kìíní, tí kò rí ìbò kan ṣoṣo kún tirẹ̀, ni yóò gba ìjókòó tí ó ṣẹ́kù. Èsì di 7, 3 àti 1.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìṣirò kékeré yìí. Èkíní ni pé ènìyàn 200 lè yí ìjókòó kan padà. Àdúgbò kan ṣoṣo lè ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá wí pé ìbò tòun kò já mọ́ nǹkan kò tíì jókòó ṣe ìṣirò. Èkejì ni pé nígbà tí àwọn kékeré bá ń já ìbò gbà lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tí ó tóbi jù lè jèrè láìjẹ́ pé ó gbé ẹsẹ̀ kan. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà; àwọn àgbà ti rí i kí ìṣirò tó dé.

Nígbà tí gbogbo ìjókòó jẹ́ ti ẹnì kan

Ètò tiwa yìí ṣì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni kékeré. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí London, olú ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dìbò níbẹ̀, àwọn kan sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ní Southwark, níbi tí àdúgbò Peckham wà, Tayo Situ tí ó ti Nàìjíríà wá di mẹ́ẹ̀rì ní ọdún 2010. Ní ọdún 2023, Michael Situ, ọmọ rẹ̀, jókòó sórí àga kan náà. Àga ọlá ni àga mẹ́ẹ̀rì níbẹ̀ o. Ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè ní olórí ìgbìmọ̀ ni ó ń darí iṣẹ́. Ní tiwa ní Tógò, mẹ́ẹ̀rì tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi ìbò yàn láàrin ara wọn ni ó ń darí iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Àdúgbò-àdúgbò ni wọ́n fi ń dìbò ní London. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó tirẹ̀, àwọn tí ìbò wọn bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni ó sì ń gbà á. Ẹni tí ó bá ṣe ipò tí ó tẹ̀ lé wọn kò rí nǹkan mú lọ sílé. Ẹ rántí àkójọ mẹ́ta tí a fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Bí àkójọ kìíní bá ṣíwájú ní gbogbo àdúgbò, ìjókòó 11 lápapọ̀ ni yóò kó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò 5,000 nínú 11,000 kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ó ti rí gan-an nìyẹn ní Lewisham, tí ó pààlà pẹ̀lú Southwark. Ìjókòó 54 ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ Lewisham. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ Labour ní 53, ẹgbẹ́ Green ní 1. Ní ọdún 2018, Labour kó gbogbo 54. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ó tún kó gbogbo 54. Ẹgbẹ̀ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n dìbò fún Green kò rí ẹnì kan ṣoṣo rán lọ sí ìgbìmọ̀. Ní ọdún 2022 yẹn kan náà, ní Southwark, Labour ní ìjókòó 52, Liberal Democrats ní 11. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo Lewisham láti òkèèrè lè rò pé ìlú tí ọkàn gbogbo ènìyàn ṣọ̀kan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́; ọ̀nà tí wọ́n gbà ka ìbò ni ó sọ ọ̀pọ̀ di gbogbo.

Bí a bá padà sí ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú, ìtàn náà kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé ibi ẹlòmíràn ni ó gbà wọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ìdìbò tiwa, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹgbẹ́ APC tí ó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ náà kó gbogbo ipò alága 57. Nínú ìjókòó kánsẹ́lọ̀ 376, ó kó 375. Kí a má rò pé ẹgbẹ́ kan nìkan ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí PDP ti ń ṣàkóso nígbà náà: ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP ni ó kó gbogbo ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣètò ìbò náà. Orúkọ ẹgbẹ́ yàtọ̀, èsì jọra.

Ní ilẹ̀ Benin, ìlẹ̀kùn mìíràn ni wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, òfin wọn sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ní ìjókòó níbikíbi. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni ó díje, mẹ́ta ni ó kọjá: Union Progressiste ní ìjókòó 820, Bloc Républicain ní 735, FCBE ní 260, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,815 nínú commune 77. Ẹgbẹ́ PRD, tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Porto-Novo, kò lè ní ìjókòó kan ṣoṣo, kódà ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìbò rẹ̀ kò tó ìwọ̀n náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìlú lè fẹ́ ẹnì kan, kí ìṣirò orílẹ̀-èdè má fẹ́ ẹ.

Ta ni yóò béèrè ọ̀rọ̀?

Kì í ṣe láti bú ẹgbẹ́ kankan ni a fi ka iye wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn rere sì wà nínú ẹgbẹ́ gbogbo. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìpàdé nígbà tí gbogbo àwọn tí ó jókòó bá jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Nínú ilé, ọmọ kì í fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè owó lójú àlejò. Bí ìgbìmọ̀ bá di ilé kan, ìtìjú àti ìbọ̀wọ̀fúnni lè gba ipò ìbéèrè. A ó fọwọ́ sí ìṣirò owó láìkà á. A ó gbé iṣẹ́ fún ẹni tí a mọ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jẹ́ olè kí ìlú tó pàdánù. Ó tó kí ẹnikẹ́ni má béèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ewu yìí, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 sọ pé níbi tí àwọn díẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ bá ń darí iṣẹ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò sí lára wọn gbọdọ̀ ní ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò tí yóò máa bi àwọn adarí léèrè. Nítorí náà, kódà ní Lewisham lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2022, nígbà tí alátakò kan ṣoṣo kò wọlé, òfin ṣì ní kí ẹnì kan jókòó kí ó sì béèrè. Ní Nàìjíríà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí a fi ìbò yàn, kí gómìnà má sì yan ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn mọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń wá ọ̀nà tirẹ̀ láti mú kí ẹni tí a yàn jẹ́ ti àwọn tí ó yàn án.

Ní tiwa, òfin Tógò fi ìjókòó ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti wá wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wọlé, kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín owó ìlú. Mélòó nínú wa ni ó ti lọ rí? Alátakò kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn nìkan. Ojú aráàlú tí ó jókòó sẹ́yìn yàrá, pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, ń ṣe nǹkan sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ níwájú.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ commune

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyí, kò kan ọmọ ilé-ìwé. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé ó kàn án. Nígbà tí àkókò bá tó láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, a máa ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìwé ìbí, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí naissance. Òbí á wá máa sáré lọ sí ilé-ẹjọ́ láti gba ìwé ìdájọ́ tí yóò dípò rẹ̀. Owó á lọ, ọjọ́ iṣẹ́ oko á lọ, ọjọ́ orí ọmọ á sì di ohun tí a fojú bù. Ìwé yìí, ọ̀dọ̀ commune ni a ti ń kọ ọ́. Mẹ́ẹ̀rì ni ó ń bójú tó o. Bí ibi tí a ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ bá jìnnà sí abúlé, tàbí tí akọ̀wé kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ọmọ dé, ọmọ náà ni yóò san gbèsè rẹ̀ ní ọdún 12 sí i.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyá wa ń san ní ọjà, commune ni ó ń gbà á. Àtíbàbà tí òjò ń jò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, ìdọ̀tí tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀nà oko tí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù kò lè gbà nígbà òjò tí àgbàdo fi ń bàjẹ́ sí ilé, kànga àdúgbò, òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: nínú gbogbo ìwọ̀nyí, commune ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Owó ti kéré lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ sì ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá kéré sí ni ìbéèrè ti níyì jù. Ẹni tí ó ní ẹran púpọ̀ lè pín in láìwọ̀n. Ẹni tí ó ní ẹran díẹ̀, gbogbo ojú ni yóò wà lára ọ̀bẹ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yóò lò. Èyí túmọ̀ sí pé èsì tí wọ́n kà ní oṣù Keje ọdún 2025 ni a óò máa gbé títí di ọdún 2031. Ọjọ́ kan ni a fi dìbò. Ẹgbẹ̀rún méjì ọjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a óò fi máa jẹ èso rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú ìwé yín

Ìmọ̀ràn tí a ní fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò nílò owó, kò sì nílò ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá èsì commune tiyín gan-an. Èsì gbogbo Tógò kò sọ bí ó ṣe rí ní àdúgbò yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sílẹ̀ àti àkójọ tí wọ́n ti wá. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, kí ẹ wo iye ìbò tí ó ra ìjókòó kan ní commune yín, àti iye tí ó ku kí ìjókòó ìkẹyìn lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tí yóò tún lè sọ fún yín pé ìbò kan kò jẹ́ nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ẹ lọ ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, ẹ jókòó, ẹ tẹ́tí. Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, iye owó tí wọ́n dárúkọ, àti ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọjọ́ náà bá pé, ẹ padà lọ, ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò sọ pé kí a má béèrè. Ohun tí ó sọ ni pé kí a mọ bí a ti í béèrè. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá yọjú, kò sí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lè débẹ̀.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn dí yín lójú. Bí ó bá jẹ́ pé tiyín ni ó borí, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé orúkọ yín ni wọ́n ń ná. Bí ó bá jẹ́ pé tiyín ni ó fìdí rẹmi, ẹ rántí pé omi kànga náà kò mọ ẹni tí ó dìbò fún ta ni. Gbogbo ilé ni ó ń pọn ún.

Ọmọ ọdún 12 tí ó jókòó níwájú wa ní kíláàsì nígbà ìdìbò tí ó kọjá yóò pé ọdún 18 nígbà tí ìdìbò mìíràn bá dé ní ọdún 2031. Yóò gba káàdì ìdìbò àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó ń wọ inú òkùnkùn bí àwa ti ṣe lẹ́yìn ọdún 32. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì yìí láti òní, yóò bá ẹ̀gbọ́n nílé tí ó ti lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ rí, yóò bá ìwé kékeré kan tí ìlérí ọdún mẹ́fà wà nínú rẹ̀, yóò sì lè sọ fún ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo ní ìbéèrè díẹ̀."